Kí lẹ fi ń mọ̀ pé ọ̀tá ju agbára yín lọ kí dáìsì tó balẹ̀?

Adélé_Àjàṣẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti alẹ́ Sátidé. Àwa tá a máa ń ṣe D&D (eré ìtàn orí tábìlì tí à ń fi dáìsì ṣe) ní Àjàṣẹ́ níbí, lápá Wàndó, pàdé bàbá kan lẹ́nu afárá nínú eré. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, kò mú idà, kò gbé asà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró tì í, wọ́n wọ ẹ̀wù irin, asà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo tábìlì dojú kọ ẹ̀ṣọ́. Mò ń pariwo pé ẹ wo bàbá yẹn, ẹ wo bí ẹ̀ṣọ́ kankan ò ṣe jẹ́ kí òjìji òun kàn án! Wọn ò gbọ́. Oṣó ni bàbá. Nígbà tí eré parí ni MJ, ẹni tó ń darí eré, ṣí ìwé hàn wá: ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, CA (iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé kí ohun ìjà tó bà á) 16, PV (ìwọ̀n ẹ̀mí rẹ̀) 11. Bàbá, CA 12, ó di 15 bó bá ti pe ọfọ̀ ààbò sára, PV 40, FP (bí ewu rẹ̀ ṣe tó) 6. Ẹni tí idà tètè ń bà jù lọ ló lè pa gbogbo wa. Ẹ sọ tiyín, kí lẹ máa ń wò lára ọ̀tá?

Ọmọ_Alákétu: Bàtà.

Lókè_Ṣábẹ̀ẹ́: Bàtà kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ là á yé wa.

Ọmọ_Alákétu: Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ojú ogun tí bàtà rẹ̀ ṣì mọ́, ó fò wá ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n gbé e wá. Méjèèjì ò dáa fún ẹ.

Lókè_Ṣábẹ̀ẹ́: Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kì í béèrè irú idà tó gbé. Ibi tí ẹ̀wù irin rẹ̀ ti họ ni mo máa ń béèrè. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti họ, ó ti sá rí nìyẹn. Bó bá họ níwájú tí wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa, ó ti jagun, ó yè é, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé olódi kan. MJ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹ̀wù irin kan dúró ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò wa tó ń ṣe olè nínú eré ní òun máa gba inú òkùnkùn yọ́ kọjá. Mo bi MJ pé, "Ṣé ó ń mí?" Ó dákẹ́. Ó ní, "O ò rí i kó mí." Kò séèyàn nínú ẹ̀wù yẹn! Ẹ̀wù fúnra rẹ̀ ló ń jà. CA 18, PV 33, kò sì nílò ojú: bó o bá ti sún mọ́ ọn dé mítà 18, ó ti mọ̀ pé o wà níbẹ̀, òkùnkùn ò ràn ẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ FP 1 péré ni. Ìhámọ́ra lọ̀tọ̀, agbára lọ̀tọ̀.

Dáìsì_Ogún: Ìṣirò ni tèmi. Mo máa ń kọ gbogbo ohun tí tábìlì bá jù sílẹ̀. Bí 15 bá tàsé tí 17 sì bà á, CA rẹ̀ jẹ́ 16 tàbí 17, kò sí ibòmíì tó lè sá sí.

Ìyá_Tóbi: Ojóró.

Dáìsì_Ogún: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojóró báwo? Bí idà yín bá ń yọ̀ lára irin ẹnìkan, ṣé ẹ ò ní mọ̀? Jagunjagun ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, èmi ń fi gègé mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Tóbi: Kíkọ kọ́ ló ń bí mi nínú, ọmọ mi. Fóònù ni. Ní tábìlì tiwa, MJ ò tíì pe orúkọ tróòlù, òmìrán abàmì kan, tán tí ọmọkùnrin kan ti tẹ fóònù, ó ń kà á sókè pé tróòlù máa ń gba PV 10 padà ní gbogbo ìyípo, àfi bí iná tàbí ásíìdì bá kàn án. Àgbẹ̀ tí kò kúrò lábúlé rí ló sì ń ṣe nínú eré! Ta ló sọ fún un?

Kóló: Ìyá àgbà rẹ̀ ni. Abúlé wo ni wọn kì í ti í pa ìtàn iwin fọ́mọdé?

Ìyá_Tóbi: Ìyá àgbà rẹ̀ mọ iná. Ṣé ó mọ 10?

Kóló: Ẹ ti borí mi.

Adélé_Àjàṣẹ́: MJ wa ti wá nǹkan ṣe sí i. Iyọ̀ ló ń pa tróòlù tiwa. Ẹni tó ka fóònù gbé ògùṣọ̀ lọ bá a, tróòlù jókòó, ó ń yáná.

Ọdẹ_Kétu: Gbogbo yín ń sọ ẹ̀wù irin. Ta ló ń wọ ẹ̀wù irin nínú oòrùn Kétu? Àwa ti gbé eré náà wá sílé. Ọdún 1886 ni, ogun Dàhòmì tó fọ́ Kétu ti dé tòsí, àwa ń ṣọ́ ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà. MJ ní ọkùnrin kan jáde láti inú igbó. Ó wọ gbérí, àdó níwájú, àdó lẹ́yìn, ìfúnpá lápá méjèèjì, kò mú ìbọn. Kò sẹ́ni tó béèrè CA. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì. Ńṣe la kàn dìde lórí àga. Ẹni tó múra bẹ́ẹ̀ wá sójú ogun tí kò mú ìbọn, kò ka ìbọn sí ni.

Lókè_Ṣábẹ̀ẹ́: Ara mi bù máṣọ.

Ìyá_Tóbi: Èmi á ti ṣílẹ̀kùn fún un kó wọlé.

Dáìsì_Ogún: Ẹ̀gbọ́n, CA rẹ̀ wá jẹ́ mélòó?

Ọdẹ_Kétu: Ọmọ yìí!

Dáìsì_Ogún: Ẹ má bínú, mò ń béèrè tọkàntọkàn ni. CA ni pé ọta ò bà á. Tí ọta bá bà á tí kò wọlé, ìyẹn kì í ṣe CA mọ́, immunité ni.

Ọdẹ_Kétu: Òótọ́ lo sọ, bí MJ wa ṣe ṣe é nìyẹn. Ìbọn ò ràn án, àfi bó bá ti jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Ká wádìí èèwọ̀ náà ló wá di iṣẹ́ wa, a lọ ń bi àwọn ìyá ọlọ́jà ohun tí kò rà rí.

Fòfó_Wàndó: Ẹ mú Battle Master, irú jagunjagun kan nínú eré. Nínú ìwé òfin eré ti 2014, tó bá dé ipele 7, tó bá sì fi ìṣẹ́jú kan wo ẹnìkan tàbí bá a sọ̀rọ̀ láìsí ìjà, MJ gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹni náà jù ú, wọ́n dọ́gba, tàbí ó kéré sí i, nínú nǹkan méjì bíi CA tàbí PV. Àwọn kan ń wá ibi tí wọ́n ti máa rí ìṣẹ́jú kan yẹn. Èmi, mo kí ọ̀tá. Ẹ kú ọ̀nà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ọ̀tá ń dáhùn! A ò tíì dé orí oko tí MJ fi ní ìṣẹ́jú kan ti pé.

Ìyá_Tóbi: Ẹni tó jẹ́ yín ní kíkí, ẹ tún lè bá a jà?

Fòfó_Wàndó: A bá a jà mà. Ó dùn wá.

Ọmọ_Alákétu: Ìwé 2024 ti yí ìyẹn padà. Lójú ẹsẹ̀ ni báyìí, láàárín mítà 9, ohun tí kò ràn án àti ohun tó tètè ń pa á lára ni wàá mọ̀. Ó bá èèwọ̀ tí Ọdẹ ń sọ mu.

Fòfó_Wàndó: Mi ò fẹ́. Ta ló ń kí èèyàn lójú ẹsẹ̀?

Kóló: MJ tiwa fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, FP 5.

Ọdẹ_Kétu: Kí ló ṣe?! Sọ fún un kó yọ ọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bá èèyàn jà. Àwọn ìyá wa là ń fi tù.

Kóló: Eré ni o.

Ọdẹ_Kétu: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà eré ni, eré tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001. Kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń pa gba wúrà.

Lókè_Ṣábẹ̀ẹ́: Tó bá jẹ́ ọ̀tá ló gbé igi rẹ̀ lérí láti fi tan ìlú ńkọ́?

Ọdẹ_Kétu: Ìyẹn yàtọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ò bá bá ìlù lọ, ayédèrú ni.

Ọmọ_Alákétu: Ẹsẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ máa wò láti àárọ̀.

Ọmọ_Ọ̀ṣà: Ẹ jẹ́ ká padà sórí onígbérí. Détection de la magie, ọfọ̀ tó ń fi idán hàn, ńkọ́? Mítà 9, ìṣẹ́jú 10, gbogbo àdó ara rẹ̀ máa tàn.

Dáìsì_Ogún: Òjé tẹ́ẹ́rẹ́ ń dí i. Ó wà nínú ìwé.

Ọmọ_Ọ̀ṣà: Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹni tó wọ ẹ̀gbà òjé, olóòṣà Ọbàtálá, a ò wá ní rí tiẹ̀ rárá nìyẹn?

Adélé_Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbà ni, kì í ṣe àpótí. Òjé ọrùn ọwọ́ ò bo ìgbàdí. Ó máa tàn.

Ọmọ_Ọ̀ṣà: Bí MJ wa bá sì gbà fún mi ńkọ́?

Adélé_Àjàṣẹ́: Bó bá gbà, bá mi bi í bóyá àyè ṣì ṣófo ní tábìlì yín.