Balógun kò jà mọ́: ṣé ogbó ni àbí àìsàn?

Ìyá Balógun:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ ẹja betta mi ni mo gbé wá, ẹja kékeré tí à ń sìn fún ẹwà nínú táǹkì onígíláàsì. Akọ ni, aláwọ̀ búlúù, pupa wà létí lẹbẹ rẹ̀. Balógun la sọ ọ́, nítorí nígbà tó ṣì lágbára, tó bá ti rí òjìji ara rẹ̀ lára gíláàsì, á la ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbòòrò, á na gbogbo lẹbẹ, ó di ìjà nìyẹn. Ó ti lo ọdún 3 àti oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì ti dàgbà kí n tó rà á.

Láti ọjọ́ 6 sẹ́yìn ni n kò ti lóye rẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń sùn sí. Tó bá fẹ́ wá mí lókè omi, á tiraka bí arúgbó tó ń gun òkè: á gbéra, á sinmi lórí ewé, á tún gbéra. Àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá. Ojú òsì rẹ̀ ti funfun. Ikùn rẹ̀ wú díẹ̀, n kò sì rí ìgbẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ 3. Nínú hóró oúnjẹ 4 tí mo ń fún un, 1 ló ń jẹ, ó ń tu ìyókù dànù.

Lítà 20 ni táǹkì náà ń gbà, ó ní fílítà, ó ní hítà. Èmi kì í fi ìmọ́tótó ṣeré, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ra oògùn apakòkòrò. Ẹlòmíràn ní ogbó ni, kí n fi í sílẹ̀. Ọkọ mi ní ẹja lásán ni. Ẹ̀yin ń kọ́?

Àǹtí Olómi:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Balógun. Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: mélòó ni amóníà àti nitrite, àwọn oró tó ń ti ara ẹ̀gbin ẹja wá, inú omi yẹn? Mélòó ni ooru rẹ̀? Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára hítà o, èyí tí tẹmómítà sọ ni mo ń bèèrè. Ẹ tún ní ẹ fọ gbogbo rẹ̀. Kí ni gbogbo rẹ̀?

Tanwíji:
Ìgbẹ́ ló há a. Ẹ se green peas, ẹ bó o, ẹ gún un, ẹ fún un. Kíá ni yóò yàgbẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Ó tì o, àbúrò. Goldfish ló ń jẹ ewébẹ̀, ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́. Betta, kòkòrò ni oúnjẹ tirẹ̀, ikùn rẹ̀ kò mọ bó ṣe máa lo ẹ̀wà. Ìwọ tí o ń jẹ́ Tanwíji gan-an ló yẹ kó mọ̀! Kó fi ebi pa á fún ọjọ́ 1 tàbí 2, lẹ́yìn náà kó fún un ní daphnia, kòkòrò omi tín-tìn-tín kan. Èèpo ara daphnia kì í dà pátápátá nínú ikùn, òun ló máa ń ti ìgbẹ́ jáde.

Ìyá Balógun:
Mo ti wọn omi náà mà. Amóníà: mílígíráàmù 1 nínú lítà. Nitrite: 0.5. Ooru: 22. Ìdíwọ̀n 26 ni hítà wà o, n kò mọ̀ pé irọ́ ló ń pa fún mi. Ní ti fífọ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ jáde, mo fọ̀ ọ́, mo sì fi fóòmù inú fílítà sábẹ́ omi ẹ̀rọ títí tó fi funfun báláú.

Àǹtí Olómi:
Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé mò ń dá yín lẹ́bi, èmi náà ti ṣe é rí, ẹja 2 ni mo sì fi kọ́gbọ́n.

Inú fóòmù yẹn ni àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń bá wa tọ́jú omi ń gbé. Ohun tí ẹja bá yà jáde àti oúnjẹ àjẹkù máa ń di amóníà. Àwọn kan nínú wọn á sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Klórínì inú omi ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fi sí i kí omi má baà kó àrùn ran àwa èèyàn, òun lẹ fi wẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Láti ọjọ́ náà, inú ẹ̀gbin ara rẹ̀ ni Balógun ń mí sí. 0 ló yẹ kí amóníà jẹ́, 0 ló yẹ kí nitrite jẹ́.

Lónìí, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, àti lọ́túnla, títí ìwọ̀n yóò fi wálẹ̀. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan, arúgbó kò fẹ́ ìyípadà òjijì. Ẹ fi oògùn tó ń pa klórínì sí omi tuntun kí ẹ tó bù ú sínú táǹkì, kí ooru rẹ̀ sì bá ti inú táǹkì mu. Ẹ má fọwọ́ kan fóòmù náà mọ́ ní báyìí. Nígbà mìíràn tó bá dọ̀tí, inú omi táǹkì tí ẹ bù jáde ni kí ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ó tán. Kò ní funfun, kó má funfun.

Hítà yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí omi ti gbóná ni betta ti wá, lápá Thailand, láàárín 24 sí 28 ni ara rẹ̀ ń balẹ̀. Nínú omi tó tutù, oúnjẹ kì í tètè dà, èyí náà lè wà lára ohun tó wú u níkùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí omi mọ́ ná kí ẹ tó gbé ooru sókè, nítorí bí omi bá ṣe ń gbóná ni oró amóníà ń le sí i. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n 1 láàárọ̀, 1 lálẹ́, títí á fi dé 26.

Ìdúró:
Ẹ dín omi kù náà. Betta gbọ́dọ̀ máa gun òkè wá mí afẹ́fẹ́. Tí omi bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 12 péré, kò ní ṣòro fún un. Kí ẹ sì fi iyọ̀ sí i.

Àǹtí Olómi:
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ mímí yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní àsìkò yìí. Tí omi bá kéré, amóníà á tètè pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ kúkú gbé ibùsùn sókè bá a: ewé fífẹ̀ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sábẹ́ ojú omi, kó lè máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó sì máa yọ imú mí. Ẹ tún wo bí fílítà ṣe ń tu omi. Tó bá ń gbá a kiri, ẹ fi fóòmù dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ìdúró, iyọ̀ wo lo ń sọ?

Ìdúró:
Iyọ̀ ẹja lásán ni, èyí tí kò ní àyídíìnì.

Àǹtí Olómi:
Ìyẹn máa ń gba ẹja lọ́wọ́ oró nitrite, n kò jiyàn. Kò ṣe nǹkan kan fún ikùn. Iyọ̀ Epsom (magnesium sulfate, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀) ló ń rọ ikùn: ṣíbí kékeré 1 sí lítà 4 omi nínú abọ́ ọ̀tọ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ dúró tì í. Tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, màá kọ́kọ́ dúró ọjọ́ 3 wo iṣẹ́ omi mímọ́ ná.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Ọmọ mi, o bèèrè bóyá ogbó ni. Ogbó wà níbẹ̀. Ọdún 2 sí 4 ni ọ̀pọ̀ betta ń lò láyé, ìwọ̀nba ló ń rí ọdún 5. Akọ tí wọ́n ń tà sábà máa ń ti tó nǹkan bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà Balógun ti ń sún mọ́ 4. Kí àwọ̀ ṣá, kí ẹ̀yìn tẹ̀, kí oorun pọ̀, ti àgbà ni. Ṣùgbọ́n ogbó kì í wọlé láàárín ọjọ́ 6. Ohun tó bá dé lójijì, wá ohun tó fà á.

Ojú yẹn, omi burúkú máa ń sọ ọ́ di funfun, ó sì lè mọ́ padà. Tó bá jẹ́ ti ogbó, kò ní mọ́. Ibì kan náà ni kí o máa ju oúnjẹ sí, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀, kó má baà máa wá a kiri. Rẹ hóró náà sínú omi kó rọ̀ kí o tó fún un.

Tún dúró lókè kí o wò ó láti òkè. Ṣé ìpẹ́ rẹ̀ tẹ́ mọ́ ara, àbí ó dìde bí ìyẹ́ adìyẹ tó ń bínú?

Ìyá Balógun:
Ó tẹ́ mọ́ ara, sà.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Ọpẹ́ o. Tí ìpẹ́ bá dìde, omi ló ti kún inú ara, ó sábà jẹ́ pé kídìnrín ti kọṣẹ́, díẹ̀ ló ń yè é. Oògùn apakòkòrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ. Kò ní egbò, lẹbẹ rẹ̀ kò jẹrà, kí lo fẹ́ fi oògùn pa?

Ìyá Balógun:
Tí kò bá wá gbádùn ńkọ́, sà? N kò fẹ́ kó jìyà.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Tó bá ń jẹun, tó ṣì ń dá gun òkè lọ mí, kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Tó bá di pé ó dojú dé, tí kò lè dé ojú omi mọ́, tí kò jẹun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, òróró kànáfùrù ni wọ́n fi ń mú ẹja sùn títí yóò fi lọ. Dókítà ẹranko ni kó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ. Má ṣe gbé e sínú fìríìsà, má sì ṣàn án sínú ṣáláńgá láàyè. Ìyà ni ìyẹn.

Ìyá Balógun:
Ó pé ọjọ́ 10 lónìí, ẹ̀yin ará. Amóníà ti wá sí 0.25, mo ṣì ń pààrọ̀ omi. Hítà tuntun dúró sí 26. Ó yàgbẹ́ ní ọjọ́ kẹrin, n kò lo iyọ̀ kankan. Ikùn ti fà sẹ́yìn. Hóró 2 ló ń jẹ báyìí. Ojú òsì kò mọ́, ó jọ pé kò ní mọ́ mọ́. Orí ewé tí ẹ ní kí n gbé sókè ló ń sùn sí tọ̀sán-tòru.

Lánàá, mo gbàgbé ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀. Ọkọ mi ló pè mí wá wò ó.

Bàbá Ẹlẹ́ja:
Gbé ṣíbí yẹn kúrò níbẹ̀ o. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Má kọjá hóró 2 títí amóníà yóò fi di 0.