Ọmọ mi ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà òtútù London

Ìyá Bọ́sẹ̀, Ìbarà: Ẹ kú ilé o. Láti oṣù Kọkànlá ni ọmọbìnrin mi kì í ti í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá pè é ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ṣì ń ràn ní Abẹ́òkúta, á ti wà lórí ibùsùn, á ní ilẹ̀ ti ṣú. Ṣé kò léwu?

Nọ́ọ̀sì Arò: Ẹ kú àníyàn, mà. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn London a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago 4, àìrí ìmọ́lẹ̀ tó a sì máa da oorun àti ọkàn àwọn kan rú. Àìsàn gidi ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ó máa rìn níta lọ́sàn-án, kí ó sì bi dókítà nípa àtùpà ìmọ́lẹ̀ líle, 10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), tí wọ́n ń jókòó síwájú rẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú láàárọ̀.

Bàbá Kútọ̀: Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ má máa bi í ní gbogbo ìgbà pé kí ló ṣe é, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ẹbí, kódà bí ọ̀fadà ṣe wọ́n tó lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ayé sú òun, kí ó pe 111, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ìlera níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀, tàbí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.