Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín tún ilé ṣe, ẹ̀yin oníkámẹ́rà Àbújá: kí lojú yín ti rí?

Àdùkẹ́ Lugbe
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun pálọ̀ wa tán, èmi àti rólà mi, kò sí pẹ́ńtà kankan níbẹ̀. Ọ̀dà kírímù ni mo rà. Ojú mi ń rí i ní kírímù, àmọ́ gbogbo fọ́tò tí mo fi fóònù yà ló ń gbé e jáde ní búlúù. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn ń bi mí bóyá ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ ṣí. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Iṣẹ́ ilé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, fọ́tò tẹ́ ẹ yà, ẹ sọ ọ́ fún wa.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Èmi àti páànù pàdé lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Bólú
Ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi kí bàbá Bólú tó wọlé dé. Wọ́n wo fídíò lórí YouTube, wọ́n ní káfíńtà ń jẹ àwọn lówó, àwọn á fúnra àwọn gbé irin kọ́tìnì kọ́. Wọ́n lọ yá dírììlì. Wọ́n lu ihò lókè fèrèsé, wọ́n ti fíṣà bọ̀ ọ́, ìyẹn rọ́bà tó ń di ìdè mú nínú ògiri, fíṣà bá wọnú ògiri lọ ráúráú. Wọ́n lu òmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn náà wọlé. Inú ń bí wọn, wọ́n ń lù ú lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa rí méjì tó dúró, ara ògiri ti dà bí afárá oyin. Mo dákẹ́. Obìnrin tó bá ń wá àlàáfíà kì í sọ̀rọ̀ nírú àsìkò yẹn.

Lóru ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń jà, irin, kọ́tìnì, eruku símẹ́ńtì, gbogbo ẹ̀ já lù wá lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fò dìde, wọ́n ń pariwo "Ta nìyẹn?" Mo ní irin kọ́tìnì yín ni, sà.

Bàbá Ìbejì Kubwa
"Irin kọ́tìnì yín ni, sà" 😂😂 Ẹ̀rín fẹ́ pa mí lẹ́nu iṣẹ́.

Onísímẹ́ńtì Dei-Dei
Ẹ má fi bàbá Bólú ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Búlọ́ọ̀kù tá a fi ń kọ́lé, inú ẹ̀ ṣófo. Gígùn ẹ̀ jẹ́ ínṣì 18, ihò ńlá méjì ló wà nínú ẹ̀, ibi tó dí ò ju etí méjèèjì àti àárín lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn máa lu ihò bọ́ sínú ihò ni. Àmọ́ lókè fèrèsé gan-an, lintel ló wà níbẹ̀, kọnkéré onírin, ó sábà máa ń ga tó ínṣì 9. Wọ́n ti gòkè kọjá ẹ̀ ni. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ínṣì mẹ́rin sókè fèrèsé, kí wọ́n lo dírììlì tó ń gbá bí ó ṣe ń yí, kí ẹnu ẹ̀ sì jẹ́ ti kọnkéré, kì í ṣe ti pákó. Fíṣà tó bá wọ ibẹ̀ ti jókòó nìyẹn. Àwọn ihò àkọ́kọ́, kí wọ́n fi POP dí wọn kí àlejò tó dé.

Ìyá Bólú
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tọ́pẹ́ Lẹ́ńsì
@Àdùkẹ́, gílóòbù yín ni mo fura sí. Ẹ wo páálí ẹ̀. K ni wọ́n fi ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ 6500K ni wọ́n kọ síbẹ̀, funfun tó ti fẹ́ di búlúù nìyẹn. 3000K ló ń tan ìmọ́lẹ̀ yẹ́lò. Tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá tún wá dà pọ̀ mọ́ ti gílóòbù, kámẹ́rà ò ní mọ èyí tó máa tẹ̀ lé. Ẹ pa gbogbo iná, ẹ fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yà á lójú ọ̀sán. Tí fóònù yín bá ní ibi tí wọ́n kọ WB sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ fún kámẹ́rà, ẹ gbé e sí 5500 tàbí ibi tí wọ́n ya oòrùn sí.

Àdùkẹ́ Lugbe
Yéè! 6500K ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́ tiwọn lónìí.

Ọmọ Ọ̀fà Mararaba
Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí kàn mí. Ilé tá à ń gbé, ìsàlẹ̀ ògiri yàrá àwọn ọmọ máa ń ṣí ní gbogbo ìgbà òjò. Lánlọ́ọ̀dù á rán pẹ́ńtà wá. Pẹ́ńtà á ha á, á fi sándípépà fá a, á fi POP àti gúlùú top bond dí i, á kun satin lé e, ìyẹn ọ̀dà tó ń dán, á gbowó. Òjò míì dé, ó ti wú. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, nǹkan funfun kan máa ń kù sí yín lọ́wọ́, iyọ̀ ni. Omi inú ilẹ̀ ló ń gbé e gòkè gba inú símẹ́ńtì. Omi á gbẹ, iyọ̀ á dúró sẹ́yìn ọ̀dà, á máa tì í. Kò sí ọ̀dà olówó gọbọi tó ń wo irú ẹ̀ sàn. Bíríkìlà kan tó jẹ́ ọmọ Gwari ló rí ìdí ẹ̀: aládùúgbò ti da yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn ilé wa títí ó fi ga kọjá DPC, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ búlọ́ọ̀kù kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè. A kó yẹ̀pẹ̀ kúrò, a jẹ́ kí ògiri gbẹ jálẹ̀ ìgbà ọyẹ́, lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ ara mi kùn ún. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní.

Ibi tí fọ́tò ti wọ̀ ọ́ ni pé oṣooṣù ni mo ń dúró sójú kan náà ya ògiri yẹn. Nígbà tí lánlọ́ọ̀dù ní àwọn ọmọ mi ló ń da omi síbẹ̀, mo tẹ́ gbogbo fọ́tò náà síwájú ẹ̀, tòun ti déètì. Ó yọ owó fún mi.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Lánlọ́ọ̀dù yọ owó? Ní Mararaba? Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú wa dáadáa.

Ọmọ Ọ̀fà Mararaba
Nínú rẹ́ǹtì ló ti yọ díẹ̀, sà. Mi ò ní ó kówó lé mi lọ́wọ́. Ẹ tún un kà.

Onísímẹ́ńtì Dei-Dei
Òótọ́ ló sọ. Satin gan-an ló ń dá kún un, torí kì í jẹ́ kí ògiri mí. Àwọn pẹ́ńtà mọ̀, wọn ò ní sọ fún yín ni. Owó ń bẹ níbẹ̀.

Pẹ́ńtà Nyanya
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Oníbàárà ló ń sọ pé òun fẹ́ kó máa dán. Tá a bá ní kó jẹ́ kí ògiri gbẹ ná, á pe ẹlòmíì kílẹ̀ tó ṣú.

Tọ́pẹ́ Lẹ́ńsì
Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògiri sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tá a ń gbé kámẹ́rà lé, ṣé wọ́n ti pè yín ní ẹni tó ń wọn ilẹ̀ rí? Mo lọ sí abúlé kan lọ́nà Kuje ní ìdájí, mo fẹ́ ya oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn àpáta. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta náà kalẹ̀, mo gbé kámẹ́rà lé e, mo di ojú kan, mo ń wo inú ẹ̀. Kí n tó gbórí sókè, èrò ti yí mi ká. Bàbá àgbàlagbà kan fi Haúsá bi mí pé ta ló ta ilẹ̀ àwọn. Mo ní Baba, fọ́tò ni. Wọn ò gbà. Mo bá yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí wọn, wọ́n rí oòrùn níbẹ̀, wọ́n rí àpáta, kò sí nọ́ńbà kankan. Bàbá wò ó, wọ́n wo èmi, wọ́n yí padà wọlé lọ. Àyà mi já, mo ní àdá ni wọ́n lọ mú. Àfi bí wọ́n ṣe jáde pẹ̀lú babanríga àti fìlà, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ní ó yá, kí n máa yà. Ti oòrùn yẹn ò tiẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀. Ti bàbá ni mo gbé kọ́ sára ògiri.

Ìyá Bólú
Ṣé ẹ fún wọn ní tiwọn?

Tọ́pẹ́ Lẹ́ńsì
Mo lọ fọ̀ ọ́ ní Wuse, mo gbé e padà lọ fún wọn. Wọ́n fún mi ní adìẹ.

Sabon Gari Kano
Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń re aró ní Kofar Mata níbí, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498, àwọn kan á kàn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á máa ya àwọn aláró láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ ní "sannu da aiki", ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ yà, ẹ má tiẹ̀ gbé kámẹ́rà sókè láìtọrọ àyè. Tí wọ́n bá sì béèrè owó díẹ̀, ẹ fún wọn.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Èmi ò ní sanwó torí fọ́tò o. Nǹkan tó wà níta gbangba, ṣebí ojú ni mo fi ń wò ó.

Sabon Gari Kano
Ojú yín kì í gbé e lọ sórí Facebook, sà.

Ìyá Bólú
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ 😂

Pẹ́ńtà Nyanya
Ta ló ti ya àpáta Zuma kó dára? Èyí tó wà lẹ́yìn náírà 100 ṣì dára ju gbogbo tèmi lọ.

Tọ́pẹ́ Lẹ́ńsì
Ẹ má lọ nígbà ọyẹ́, eruku Sàhárà á ti bò ó. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ ojú ọ̀run ná, kẹ́ ẹ wá gba Madalla lọ láàárọ̀. Tó bá sì jẹ́ ọyẹ́ lẹ máa lọ dandan, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Eruku tó bá wọ inú kámẹ́rà á máa hàn lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò yín.

Ọmọ Sobi
Kí lẹ ń wá lọ sí Zuma? Ìlọrin náà òkè Ọya ni, ẹ wá ya Òkè Sobi.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Ìlọrin kẹ̀? Afárá Jẹ́bà lèèyàn ń gbà dé òkè Ọya. Ẹ̀yin ò tíì sọdá.

Ọmọ Sobi
Lọ́dún 1967 tí wọ́n pín Àríwá sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ibi tí à ń pè ní Kwara lónìí wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó pín in jà.

Ọmọ Ọ̀fà Mararaba
Ẹ má mú tèmi mọ́ ọn. L'Ábújá wọ́n ń pè mí ní ará Èkó, tí mo bá dé Èkó wọ́n á ní Gàǹbàrí dé.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Ọmọ Sobi, ṣé fọ́tò Sobi tẹ́ ẹ ń wí yìí tiẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, àbí ẹnu lásán ni?

Ọmọ Sobi
Ó wà, sà. Fóònù mi ló ní òun ti kún. Màá fi ránṣẹ́ lálẹ́.