Irọ́ wo ni wọ́n pa fún yín nílé?

Ìyá Ṣadé: Ẹ kú ilé o. Irọ́ wo ni wọ́n pa fún yín nílé tó padà jáde? Tèmi ni owó àlejò. "Mú un wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀." Mo ti bímọ mẹ́ta, mo ṣì ń retí ẹ̀.

Alákẹ́: Ìgbà tí mò ń ṣe WAEC ni bàbá mi kú. Bọ́dìn ni mo wà. Màmá máa ń wá ní Sátidé, wọ́n ní wọ́n ti gbé bàbá lọ gba ìtọ́jú ní Ìlọrin. Mo máa ń kọ lẹ́tà sí bàbá, màmá á ká a, wọ́n á kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ìró. Ọjọ́ tí mo kọ Báólójì tán ni mo délé bá àga rọ́bà káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò bàbá mi gbé Fanta lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mu ún ná.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Fanta! Bí wọ́n ṣe tú tèmi náà fún mi nìyẹn. Mi ò fẹnu kàn án mọ́.

Bàbá Kọ́lá: Wọ́n ṣe dáadáa. Ta ló ń túfọ̀ fún ọmọ tó wà lẹ́nu ìdánwò?

Tòkunbọ̀ Peckham: Ẹ máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Oṣù méjì gbáko, tí mo bá ti pè, "ìyá ń sùn." Mo sì ń fowó oògùn ránṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Ta ló wá ń gba owó oògùn?

Tòkunbọ̀ Peckham: Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àwọn fi ra pósí.

Ìyá Ṣadé: Pósí oṣù méjì? Àbí wúrà ni?

Tinúkẹ́: Ti jẹ́nótáípù ló burú jù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ fún àfẹ́sọ́nà ẹ̀ pé AA lòun. Gbogbo wa la mọ̀ pé AS ni, a panu mọ́. AS ni ìyàwó náà. Oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SS. Ọmọ wọn kejì ló bọ́ sí i. Tí fòníkú-fọ̀ladìde bá ki ọmọ yẹn mọ́lẹ̀ lóru, a ò kì í lè wojú ìyàwó.

Bàbá Kọ́lá: Ìyẹn kì í ṣe àṣírí ẹbí, ìkà ni. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Alákẹ́.

Tinúkẹ́: "Torí ire ẹ ni." Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún Alákẹ́ náà nìyẹn?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Alákẹ́, kí lẹ kọ sínú lẹ́tà?

Alákẹ́: Pé kí wọ́n bá mi ra bàtà bọ̀. Màmá gbé bàtà wá lóòótọ́, wọ́n ní bàbá ló fi rán àwọn. Ó há mi lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ò ṣi bàtà rà fún mi rí.

Ìyá Ṣadé: Hmm. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Bàbá Kọ́lá: Tòkunbọ̀, èló ni wọ́n ra pósí yẹn gan-an?