Gold ti Ethiopian, ọkọ̀ Lufthansa àti United: ṣé láúńjì yóò gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi ń lọ sí Dallas lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ọwọ́ Lufthansa la ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, economy ni gbogbo wa. Lufthansa ló máa gbé wa láti Èkó dé Frankfurt, United ló máa gbé wa dé Houston, òun náà ló máa gbé wa dé Dallas. Mo wà ní ipò Gold nínú ShebaMiles, ètò tí Ethiopian fi ń san ẹ̀san fún àwọn tó ń wọkọ̀ wọn déédéé, mo sì ní Priority Pass, ìwé àtiwọ láúńjì, tí báǹkì fún mi. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wheelchair la bá wọn béèrè, a ó sì dúró ju wákàtí márùn-ún lọ ní Frankfurt. Ṣé Gold yìí yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí Ethiopian kò sí nínú ìrìnàjò náà rárá? Ṣé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa wọ láúńjì, yàrá ìsinmi inú ẹ́ápọ̀ọ̀tù?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́:
Àbúrò, yóò ṣiṣẹ́. ShebaMiles Gold ni Star Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kà sí Star Gold, inú ẹgbẹ́ yìí sì ni Ethiopian, Lufthansa àti United jọ wà. Ohun tí òfin wọn ń wò ni ọkọ̀ tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò kàn wọ́n bóyá ẹlòmíràn ló ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wo abẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, wàá rí "Operated by". Orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́. Economy kò ní kí wọ́n má gbà ọ́. Silver, ipò tó wà lábẹ́ Gold, ni kò lè wọlé.

Boarding pass ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ń wá àmì Gold, èyí tó máa ń wà nítòsí orúkọ rẹ: "*G" tàbí "STAR GOLD". Bí kò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé nọ́ńbà ShebaMiles rẹ kò tíì wọ inú booking, tàbí pé nọ́ńbà ètò ti Lufthansa, Miles & More lo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà fún ọkọ̀ kan. Kó o tó ṣe check-in, lọ sórí ìkànnì Lufthansa, yọ èyí tó wà níbẹ̀, kó o fi ti ShebaMiles rọ́pò rẹ̀. Bí check-in bá ti parí, ìkànnì lè má gbà á mọ́. Ní káńtà l'Ékòó, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí wọ́n sì tẹ boarding pass mìíràn fún ọ, títí kan ti United. Má kúrò níwájú wọn kó o tó rí àmì yẹn lórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Kíyè sí orúkọ pẹ̀lú. Bí pásípọ́ọ̀tù bá pè ọ́ ní Olúṣẹ́gun, tí ShebaMiles sì kọ Ṣẹ́gun, kọ̀ǹpútà kò ní so méjèèjì pọ̀. Kọ̀wé sí ShebaMiles láti ìsinsìnyí kí wọ́n tún un ṣe. Ya àwòrán káàdì Gold rẹ, kí ọjọ́ tó máa parí hàn nínú rẹ̀, kó o fi pa mọ́ sórí fóònù, torí íntánẹ́ẹ̀tì lè má sí lẹ́nu ọ̀nà láúńjì.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti "àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta". Àlejò kan ṣoṣo ni Star Gold fàyè gbà, ọkọ̀ kan náà sì ni kí ẹ jọ wọ̀. Ẹ̀yin pẹ̀lú Màmá á wọlé, ìyàwó yín á ku síta. Ẹ má retí pé Priority Pass yín máa gbé ìyàwó wọ láúńjì Lufthansa kan náà. Ètò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Priority Pass kò bìkítà nípa ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, ṣùgbọ́n láúńjì tó bá wà nínú ìwé wọn nìkan ló ń gbà á, orúkọ yín ló sì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ìyàwó.

Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání ni kí ìyàwó gba tirẹ̀ ní báǹkì, bí báǹkì bá ń fún ẹlòmíràn nínú ìdílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí láúńjì Priority Pass, kí ẹ sì mọ̀ pé wọ́n lè yọ owó àlejò méjì ní dọ́là lórí káàdì yín. Ẹ béèrè ìgbà mélòó ni báǹkì ń san fún un lọ́dún.

Ilé ni kí ẹ ti ṣí áàpù Priority Pass. Káàdì báǹkì fúnra rẹ̀ kì í ṣí ilẹ̀kùn. QR inú áàpù ni wọ́n ń wò. Báǹkì sì lè fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sórí láìnì Nàìjíríà tí kò ní ṣiṣẹ́ ní Frankfurt. Bí èrò bá pọ̀, láúńjì lè ní kí ẹ padà wá. Òfin fún wọn láyè. Ọ̀pọ̀ kì í gbà yín wọlé bó bá ṣẹ́ ku ju wákàtí 3 lọ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ọmọ Ìṣárà:
Ẹ ṣọ́ra ní Frankfurt o. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà ìrékọjá ní ẹ́ápọ̀ọ̀tù Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá yọ yín nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ la ibi àyẹ̀wò pásípọ́ọ̀tù kọjá sínú Schengen. Senator Lounge, láúńjì Lufthansa tó ń gba Star Gold, wà ní A, B àti Z ní Terminal 1. Inú Schengen ni A wà, ẹ má yà síbẹ̀. Èyí tó wà ní Z tàbí ní apá B tí kì í ṣe ti Schengen ni tiyín. Senator náà ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá tọ́ka yín sí Business Lounge, ẹ fi àmì Gold hàn wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ sọ fún wọn ní káńtà láúńjì bí ẹ bá ṣe ń wọlé, torí àwọn èèyàn máa ń tò fún balùwẹ̀.

Ti Priority Pass náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ibi tí áàpù ní láúńjì wà: terminal wo, ṣáájú tàbí lẹ́yìn àyẹ̀wò. Òmíràn wà níta pátápátá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé gan-an ni. Houston sí Dallas ńkọ́? Mo gbọ́ pé United kì í gba Gold nínú Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́:
Gold tiwọn, ti ètò MileagePlus, ni wọn kì í gbà sí United Club, láúńjì wọn, lórí ọkọ̀ abẹ́lé. Gold tí ilé-iṣẹ́ mìíràn fún ni ń wọlé, ShebaMiles sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ ó kọ́kọ́ gba ẹrù ní Houston, ẹ ó kọjá lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ ó dá ẹrù padà, ẹ ó sì tún ṣe àyẹ̀wò ara. Bí àkókò kò bá tó, gbàgbé láúńjì.

Ọmọ Ìperu:
Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ní Elite Plus, tí mo wọ KLM lọ sí Amsterdam, tí Delta gbé mi dé Atlanta ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́:
Ipò ti SkyTeam nìyẹn, ẹgbẹ́ mìíràn tí KLM àti Delta wà, àlejò kan ni àwọn náà ń gbà. Ìrìnàjò òkè òkun ni tiwọn wà fún. Ọkọ̀ abẹ́lé nìkan kò tó. Oneworld, ẹgbẹ́ mìíràn, ní tirẹ̀ fẹ́ kí nọ́ńbà ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó ń fò ó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ má sì ka ASKY, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, kún Star Alliance torí pé ó bá Ethiopian ṣiṣẹ́. Òfin Gold yìí kò dé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ọ̀rọ̀ wheelchair Màmá kù. Ẹ fi tó Lufthansa létí ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Bí Màmá bá lè gun àtẹ̀gùn, àmì WCHR ni wọn ó kọ sórí booking. Bí wọn kò bá lè gùn ún, WCHS. Ẹnu géètì ni ẹni tó ń tì wọ́n máa ń gbé wọn lọ tààrà, nítorí náà ẹ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé láúńjì lẹ ń lọ, kí ẹ sì bá a dá àkókò tó máa padà wá. Ọ̀pọ̀ láúńjì kì í kéde ọkọ̀. Ti Amẹ́ríkà tún ní àyẹ̀wò ìwé lẹ́nu géètì, ẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá ku wákàtí kan àtààbọ̀.

Ọmọ Ìṣárà:
Kí ẹ má sì fi ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì sí Friday àkọ́kọ́ nínú oṣù o. Láti Ṣágámù dé Mowe àti Ibafo, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó máa ń há nítorí ìsìn Redemption Camp. Bí ọjọ́ náà bá ti bọ́ sí bẹ́ẹ̀, ẹ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kùtùkùtù, kí ẹ lọ dúró ní Ikeja. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Lẹ́kkí ló máa já yín sí, ẹ ó sì tún la gbogbo Èkó já kí ẹ tó dé ẹ́ápọ̀ọ̀tù.