Báwo ni a ṣe lè gba ilé bàbá ńlá wa sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì?
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀ ilé kíkọ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́ bọ́ sí àárín ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé sí, àwọn kan nínú ẹbí sì ti fẹ́ gbowó, bẹ́ẹ̀ ògiri àti òpó onígi rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, nítorí pé Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Èkó, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ni wọ́n ṣì wó ní 2016. Tiwa kò tilẹ̀ ní ìwé ìdáàbòbò kankan. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ayàwòrán ilé fi í síwájú ọgbà ṣọ́ọ̀bù tuntun náà láìwó o? Ta ni kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ààfin ni tàbí ìjọba?