Ọ́ìlì ń tú lẹ́yìn pọ́lì Ìjàpá 1600: ṣé kí n dí họ́ọ̀sì èémí rẹ̀ ni?

ÌjàpáFunfun: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Volkswagen Ìjàpá ni, ẹ́ńjìnnì 1600, kábúrétọ̀ ẹyọ kan. Tó bá ti rin nǹkan bíi 40 kìlómítà, ọ́ìlì á ti ta sí gbogbo páànù ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ pọ́lì ńlá ìsàlẹ̀ ló sì ti ń wá. Họ́ọ̀sì tó lọ sí air cleaner náà ń rin fún ọ́ìlì. Mẹkáníìkì ní ká ra ọ́ìl síìlì pọ́lì (òrùka rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró), àmọ́ nígbà tí a tú u, a ò rí síìlì kankan. Ẹlòmíràn ní ká dí họ́ọ̀sì yẹn pa. Bákan náà, nǹkan funfun kan bí ògì wà lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ló jó ni?

Ẹlẹ́sẹ̀Boxer: Ẹ má dí i o! Bí ẹ bá dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí, ọ́ìlì á wá ọ̀nà mìíràn, pọ́lì yẹn ló sì rọrùn fún un jù.

Kò sí síìlì níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Apá flywheel, àwo irin ńlá tó wà lápá gíà, nìkan ló ní in. Lápá pọ́lì, àwo irin kan wà lára kírànkì tó ń fọ́n ọ́ìlì dànù kó tó dé ẹnu ihò; ojú tó jin kòtò ló ń kọjú sí pọ́lì, ẹni tó bá dè é sódì ti ra ìjàngbọ̀n. Ọrùn pọ́lì fúnra rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ yípo bí ojú bóòtù, bó ṣe ń yí ló ń wa ọ́ìlì padà sínú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí èémí inú bá ti ń tì í, ìlà yẹn ò lè dá nǹkan kan dúró.

Èémí náà, gáàsì iná tó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì tó yí píṣítìnnì ká ni. Rìǹgì tuntun pàápàá ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá. Ó ń gba inú ẹsẹ̀ dáínámò gòkè lọ sí ọrùn tí a ń rọ ọ́ìlì sí, họ́ọ̀sì á gbé e lọ sí air cleaner, kábúrétọ̀ á fà á, ẹ́ńjìnnì á tún un jó. Píṣítìnnì 2 ń wọlé bí 2 yòókù ṣe ń jáde, nítorí náà àyè abẹ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ti Citroën 2CV kò rí bẹ́ẹ̀: 2 péré ló ní, wọ́n ń wọlé pọ̀, ìdí nìyẹn tí brídà rẹ̀, ibi tó ń gbà mí, fi ní fáàfù rọ́bà. Ẹ má mú ìmọ̀ràn tibẹ̀ wá síbí.

Spánà13: Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Lítà 2.5 péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 tí wọ́n ń tà lọ́jà ló ń kó bá èèyàn, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ gbóòórùn géèjì náà. Tó bá ń run pẹtiróòlù, tí ọ́ìlì sì ń ga sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan bu kún un, awọ inú pọ́ǹpù pẹtiróòlù ti ya. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù àti ọ́ìlì kí ẹ tó tún sítáàtì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ fi í sí sílò, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́, kò burú. Èéfín pùù, pùù, pùù, sílíńdà kan ló ń jò. Èéfín tí kò dáwọ́ dúró, gbogbo rìǹgì ti jẹ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dída ọ́ìlì ṣíbí kan sínú ihò plug láti fi wọn kọ́ńpíréṣàn (bí píṣítìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó): sílíńdà yìí dùbúlẹ̀ ni, ọ́ìlì á wọ́ jọ sí ìsàlẹ̀, kò ní yí rìǹgì ká. Ẹ gba ihò plug fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà nígbà tí fáàfù méjèèjì bá padé, kí ẹ tẹ́tí sí ẹnu ibi tí a ń rọ ọ́ìlì. Tó bá ń hó níbẹ̀, rìǹgì ni.

Ẹlẹ́sẹ̀Boxer: Ti ògì yẹn: ẹ́ńjìnnì tí kì í mu omi, omi wo ni gásíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ jò sí i? Oru ló dì, ìrìn kúkúrú ló ń fà á. Páìpù tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọrùn náà, ó ní ẹnu rọ́bà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà kán jáde. Ẹ tẹ rọ́bà náà. Tó bá ti lẹ̀ pọ̀ tàbí tó gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

ÌjàpáFunfun: Ẹ ṣé gan-an. Géèjì ò run pẹtiróòlù, atẹ́gùn rẹ̀ sì fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ló wá dé tí họ́ọ̀sì fi ń rin? Ṣé PCV mọ́tò olómi, fáàfù tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa èémí inú rẹ̀ padà, lè ràn án lọ́wọ́?

Spánà13: Ẹ tú ẹsẹ̀ dáínámò. Páànù pẹlẹbẹ kan yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, láàárín gásíkẹ́ẹ̀tì 2, òun ló ń dá ọ́ìlì tó ń ta sókè dúró. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì tò a máa gbàgbé rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Kí họ́ọ̀sì tún máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá tẹ̀ wọ̀ níbì kan, ọ́ìlì á dúró síbẹ̀, á dí i. Ẹ fi pẹtiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìlà ọrùn pọ́lì.

PCV kọ́. Ní sílò, manifold (páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà) á máa fa ikùn ẹ́ńjìnnì tagbáratagbára, apá pọ́lì kò sì ní síìlì: eruku ọyẹ́ ló máa gba ibẹ̀ wọlé lọ bá bẹ́ríǹgì.